Kò Wá Tàbí Kó Wá: Bí Mo Ṣe Ya Lẹ́tà Yorùbá Sínú Àyè Tóóró

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀ka wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ gbé géèmù wa jáde fún àwọn akẹgbẹ́ wa láti dán wò. Àwa ọmọ ọdún kẹrin la ni ín. A ti pinnu pé lọ́dún tiwa, yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé àti àsè ìdágbére tí gbogbo ènìyàn mọ̀, a óò ṣe géèmù kékeré kan tí àwọn ọmọ ọdún kìíní lè máa fi kọ́ àmì ohùn lórí fóònù wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló bá wa kọ kóòdù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó rí bíi géèmù àtijọ́, kí lẹ́tà inú rẹ̀ ní igun bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra, bíi ti Brick Game tí a gbá nígbà tí a wà ní kékeré. Gbogbo wa gbà, torí ó dùn ún wò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ. Àwòrán ohun èlò tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè ló wà lókè, ìdáhùn mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀:

(a) OKO
(b) OKO
(d) OKO
(e) OKO

Ohun tí a kọ ránṣẹ́ sínú kóòdù ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní Ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àmì ohùn tó lè jókòó lé e lórí. Àpótí òfìfo ló ń gbé jáde níbi tí lẹ́tà náà yẹ kó wà. Nígbà tí àpótí òfìfo yìí dà wá láàmú títí, ọ̀rẹ́ mi bọ́ gbogbo àmì kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa mọ ohun tí a ní lọ́kàn."

Ọmọ ọdún kejì kan tẹ (a), ó tẹ (b), ó wá gbójú sókè wò wá: "Ẹ̀yin àgbà, ṣebí gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà!" Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìdí wà tí àmì ohùn tó sọnù lójú fóònù kò fi lè pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, mo sì máa sọ ọ́ kí n tó parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé mo nawọ́ sókè, mo ní: "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ya lẹ́tà náà fúnra mi."

N kò ya lẹ́tà rí láyé mi.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú lẹ́tà tí mò ń sọ. Ojú fóònù àti ojú kọ̀ǹpútà kún fún àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́rin tí a ń pè ní píksẹ̀lì. Lónìí, wọ́n kéré, wọ́n sì pọ̀ débi pé ojú kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì; ìdí nìyẹn tí lẹ́tà òde òní fi ń yọ̀ lójú bí ẹni fi bírò kọ ọ́. Láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Píksẹ̀lì kò pọ̀, ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà sì wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá fẹ́ ya A, àpótí mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró, ni wọ́n máa fún un: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lápapọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba báìtì kan, torí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì, lẹ́tà kan sì wá jẹ́ báìtì mẹ́jọ péré. Àpótí tó o bá fẹ́ kó tàn, á tàn. Èyí tó o bá fẹ́ kó kú, á kú. Kò sí ìdajì. Ó dà bí ẹní híhun: koríko gba òkè kọjá tàbí kó gba abẹ́, kò sí ọ̀nà kẹta.

Láti inú ìnira yìí ni ẹwà rẹ̀ ti wá. Iléeṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà ti ń lo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú géèmù wọn lọ́dún 1976. Iléeṣẹ́ Namco ní Japan gbà á lò, òun náà sì ni àwọn ènìyàn rí nínú Pac-Man lọ́dún 1980. Ẹni kan tó ń jẹ́ CodeMan38 tún lẹ́tà inú géèmù Namco yìí yà sí fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Press Start 2P, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Toshi Omagari náà kó irú lẹ́tà báyìí jọ sínú odindi ìwé kan, Arcade Game Typography, tó jáde lọ́dún 2019. Bí o bá ti rí GAME OVER lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kan rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú ìran lẹ́tà yìí lo rí.

Ẹni tí ìtàn tirẹ̀ fún mi nígboyà jù ni Susan Kare. Òun ló ya ọ̀pọ̀ nínú fọ́ǹtì àti àwòrán kéékèèké tí kọ̀ǹpútà Macintosh ti iléeṣẹ́ Apple gbé jáde lọ́dún 1984. Fọ́ǹtì tí wọ́n pè ní Chicago, tirẹ̀ ni. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé òun náà ló tún wà lójú iPod nígbà tó jáde lọ́dún 2001. Obìnrin yìí kò kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ló kà dé ìpele ọ̀mọ̀wé, ìwé gíráàfù ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: ó ń kun àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹni tó ka ìtàn iṣẹ́ ọnà bá lè ṣe é, ẹni tó ka Yorùbá náà lè gbìyànjú. Mo lọ ra ìwé gíráàfù ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì.

Mo kọ́kọ́ ṣírò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. GB kò nílò àwòrán tirẹ̀, torí G àti B ló pàdé. Ó ku 24. Fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba àmì ohùn òkè tàbí àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 14. N àti M náà lè dá dúró bíi sílébù, kí wọ́n sì gba àmì; ìyẹn jẹ́ 4. Gbogbo rẹ̀ di 42. Ṣe é ní lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, ó di 84. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, ó ti pọ̀ jù pàápàá."

Mo ya A, mo ya B, mo ya D. Ọwọ́ mi ń yá, inú mi ń dùn. Ẹ ni mo ti kọsẹ̀.

Ẹ wo lẹ́tà E dáadáa. Ó ní apá mẹ́ta. Apá mẹ́ta gba ìlà mẹ́ta, àlàfo méjì tó wà láàárín wọn gba ìlà méjì: márùn-ún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ya E tí kò ní gba ìlà márùn-ún. Bó bá dín, ó ti di nǹkan mìíràn. Wàyí o, fi àmì abẹ́ sí i. Àmì náà gba ìlà kan, àlàfo tó máa yà á kúrò lára lẹ́tà gba ìlà kan: méje. Fi àmì ohùn sí i lórí: ìlà kan fún àmì, ìlà kan fún àlàfo. Ó ti di mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ ni wọ́n sì fún mi, nínú èyí tí ó yẹ kí ọ̀kan wà lófìfo kí ìlà ọ̀rọ̀ kan má bàa gun èkejì lórí.

Mo dọ́gbọ́n. Mo yọ àlàfo abẹ́ kúrò, mo so àmì mọ́ ìdí lẹ́tà. Ọ di Q. Mo fún O ní ìlà mẹ́rin dípò márùn-ún. Ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé e lórí, bẹ́ẹ̀ E ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ga. Ọgbọ́n tó kẹ́yìn ni mo fi sórí àmì ohùn. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lórí lẹ́tà, píksẹ̀lì kan ni mo lè fi ṣe àmì. Mo ní kí píksẹ̀lì náà wà lápá òsì bó bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, kó wà lápá ọ̀tún bó bá jẹ́ ohùn òkè. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, *kò* àti *kó*, mo gbé wọn sórí fóònù, mo fi han ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Ohun kan náà ni méjèèjì. Àbí ìdọ̀tí ló wà lójú fóònù ẹ ni?" Ó fi àtàǹpàkò nù ún.

Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ni ìdí tí n kò fi lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe sílẹ̀ lọ́dún tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe ní Ìbàdàn. Bàbá mi kò kọjá ìwé mẹ́fà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló fi rán wa níwèé, ó sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun máa tó gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó gbọ́, ó fi ìbínú sọ̀rọ̀: ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ títí tí yóò fi padà sí kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Kò wálé mọ́, kò sì pe bàbá mi mọ́. Èmi ni mo di alárinà.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà ku ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti Ṣakí. Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ń lò, mo sì mọ bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ:

Egbon re ko wa sile.

Mo kà á pé, *Ẹ̀gbọ́n rẹ kò wá sílé.* Mo rò pé ẹjọ́ ni bàbá mi ń fi sùn mí, pé ọdún ti dé tán, ọmọ òun kò sì yọjú. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Ẹ̀rù bà mí láti dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo fèsì pé: *E ma binu sir.* Bàbá mi kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò wálé lọ́dún yẹn, kò sì wálé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo dé ọdún kẹta, ní ìsinmi Àjíǹde, èmi àti ìyá mi jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tó sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ilé mọ̀: "Bàbá yín ti ṣe tirẹ̀. Ó ní kó wá sílé, ẹ̀gbọ́n ẹ ló kọ̀."

Mo ní, "Ìgbà wo nìyẹn, Màmá?"

"Ìgbà Kérésìmesì ọjọ́sí. Ṣebí ìwọ náà ló rán sí. Ìwọ náà lo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, la fi mọ̀ pé ọmọ ò fẹ́ wá."

*Ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá sílé.* Ohun tí bàbá mi kọ nìyẹn. Ó ti dárí jì í. Ó ti rán mi, èmi ni n kò jẹ́ ẹ. Mo lọ wo fóònù mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà kan kò yí padà. Kérésìmesì méjì ti lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á fún un, lẹ́ẹ̀kan bí mo ṣe kà á, lẹ́ẹ̀kan bí bàbá wa ṣe kọ ọ́. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

N kò di ẹ̀bi náà ru fóònù. Èmi náà kò béèrè ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí n béèrè. Ojoojúmọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ń kọ̀wé síra wọn láìsí àmì, wọ́n sì ń yé ara wọn, torí pé àyíká ọ̀rọ̀ ló ń parí ohun tí lẹ́tà kò sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjà bá wà, àyíká ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ohun tó ń ba olúkúlùkù lẹ́rù ló máa fi parí gbólóhùn náà. Ibi tí a ti nílò àmì ohùn jù gan-an nìyẹn.

Ẹnu iṣẹ́ lẹ́tà yìí ni mo ti wá mọ nǹkan kan nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ mí lójú. Àwọn tó gbé ìlànà GSM kalẹ̀ to àkójọ lẹ́tà ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo fóònù gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú rẹ̀, à, è, é, ì, ò àti ù wà. Kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Ẹ, Ọ àti Ṣ kò sí rárá. Èdè àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n tò ó. Bí o bá fi lẹ́tà kan tí kò sí níbẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, àyè lẹ́tà 160 tó o ní á sì di 70. Ẹ wò ó: nínú àkójọ ìpìlẹ̀ yẹn, *kò* ṣeé kọ, *kó* kò ṣeé kọ. Bàbá mi kì bá má tẹ àmì kankan bó ti wù kó rí, mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi: àkójọ kan wà tó fi àyè sílẹ̀ fún "kò", tí kò fi sílẹ̀ fún "kó".

Nítorí náà, nígbà tí mo padà sídìí ìwé gíráàfù, mo yí ìbéèrè mi padà. Tẹ́lẹ̀, mò ń béèrè bí mo ṣe lè rọ àmì mọ́ inú àpótí mẹ́jọ. Báyìí, mo béèrè iye àpótí tí lẹ́tà Yorùbá nílò, kí n tó ya ìlà àkọ́kọ́. Mo wo iṣẹ́ Unifont, tí Roman Czyborra bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tó fẹ́ fi píksẹ̀lì ya lẹ́tà àwọn èdè àgbáyé. Ìlà mẹ́rìndínlógún ni lẹ́tà rẹ̀ ní. Ẹni tó ní gbogbo ayé lọ́kàn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́jọ.

Mo wá ṣírò tèmi. Ara lẹ́tà ńlá gba ìlà méje. Àmì ohùn gba méjì, kì í ṣe ọ̀kan, torí pé ibi tí àmì náà dorí kọ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Píksẹ̀lì kan kò lè dorí kọ ibì kankan, àfi kí ó di méjì, kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Àlàfo kan láàárín àmì ohùn àti lẹ́tà, àlàfo kan láàárín lẹ́tà àti àmì abẹ́, ìlà kan fún àmì abẹ́ fúnra rẹ̀. Méjìlá. Ìrù g, j, p àti y náà rí ibi wọ̀ sí nínú ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn. Mo fi ìlà òfìfo kan kún un lókè, kan nísàlẹ̀, kí àmì abẹ́ ìlà tòkè má bàa gun àmì ohùn ìlà tìsàlẹ̀. Mẹ́rìnlá.

Ọ̀rẹ́ mi oníkóòdù kò gbà bọ̀rọ̀. Ojú géèmù wa ga ní píksẹ̀lì 128. Ó ní, "Pẹ̀lú mẹ́jọ, mo ní ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún. Ìwọ wá sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ṣé nítorí ẹ̀kán?" Ó ní kí n tiẹ̀ dín in kù sí mẹ́tàlá. Mo ní kó pín 128 sí 13 kó wò ó: mẹ́sàn-án náà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Kò tún sọ̀rọ̀ nípa ìlà mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó dín ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kù kí ó lè gba ojú mẹ́sàn-án, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ìbéèrè náà dára sí i.

Wàhálà kan ṣì kù, tí àwọn tó ń kọ kóòdù láàárín wa máa mọ̀. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní, ṣ ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; lẹ́tà àti àmì ohùn máa ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ètò inú kọ̀ǹpútà ló máa so wọ́n pọ̀. Géèmù kékeré bíi tiwa kò mọ ìyẹn: nọ́ńbà kan, àwòrán kan ni tirẹ̀. Bó bá ti rí ọ̀, á ya ọ, á wá ya àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé. Ó tún burú nítorí pé ẹlòmíràn á tẹ àmì ohùn ṣáájú àmì abẹ́, ẹlòmíràn á tẹ àmì abẹ́ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n kọ. Ọ̀rẹ́ mi kọ ìlà kóòdù mélòó kan tó máa ń to gbogbo rẹ̀ sí ètò kan náà ṣáájú, kó tó wá àwòrán rẹ̀ nínú àwọn 84 tí mo yà. Òun náà jókòó tì í di òru.

Nígbà tí a ń ṣe èyí lọ́wọ́, akẹgbẹ́ wa kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti apá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin rán wa létí pé àwọn tó ń kọ Yorùbá lọ́hùn-ún ní ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń wá ibi tí ẹ máa fi ẹ̀kán sí. Tiwa kò ní ẹ̀kán." Òótọ́ ni. Nínú àpótí, ɔ jẹ́ c tó kọjú sí òsì, kò béèrè ìlà kankan nísàlẹ̀. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n Ọ̀ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ tó máa gbá géèmù yìí ní ilé-ìwé jẹ́leósinmi ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Mo ya ɛ àti ɔ kún un, pẹ̀lú àmì ohùn wọn, mo fi wọ́n pamọ́ sínú fọ́ǹtì náà fún ọjọ́ tí ẹnì kan láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi dán gbogbo rẹ̀ wò ní ìparí ni *ọ̀ọ́dúnrún*. Bí fọ́ǹtì bá lè gbé ọ̀ọ́dúnrún láìsubú, ó lè gbé ohunkóhun. Ó gbé e. Lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀ka, ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ àti ọ̀kọ̀ dúró lójú fóònù, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Ọmọ ọdún kejì ọjọ́sí tẹ ìdáhùn tó kùnà, géèmù lé e padà, gbogbo wa pariwo lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn fi taipúráítà tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn, bírò ni àwọn fi ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ọwọ́ á fi wú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yín rántí.

Mo gbé géèmù náà lọ sí Ṣakí nígbà tí mo lọ sílé. Bàbá mi gba fóònù, ó fi jìnnà sójú. Ó ní, "Kí lẹ wá kó sórí lẹ́tà báyìí? Bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e."

Mo ní, "Àmì ohùn ni, Bàbá."

"A ò lo gbogbo ìyẹn láyé tiwa, a sì ń kàwé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo wá ṣí ìbéèrè kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀, tí n kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi. Àwòrán ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ló wà lókè. Nísàlẹ̀, ìdáhùn méjì: KÒ WÁ. KÓ WÁ.

Ó wò ó pẹ́. Ó bi mí léèrè èwo ni èwo, mo ṣàlàyé pé èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni "kò", èyí tó ń gòkè ni "kó". Ó fi àtàǹpàkò, èyí tó fi ń tẹ lẹ́tà bí ẹni ń ka owó, tẹ ìkejì. Fóònù kọrin. Ó ní, "Èyí tó ń gòkè yìí ni mo ní lọ́kàn nígbà yẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó dá fóònù padà fún mi, ó ní kí n fi géèmù náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé òun ló mọ iṣẹ́ fóònù nínú ilé.

Fọ́ǹtì náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka wa, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Ṣ kékeré mi kò tíì dára tó, m̀ sì fún pọ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi tún wọn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ POS tó ń tẹ rìsíìtì, tàbí pátákó oníná tó ń sáré lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, píksẹ̀lì kéékèèké ṣì ni gbogbo ìyẹn, orúkọ àwọn ènìyàn wa ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ìlà mélòó ni kí wọ́n fún lẹ́tà, ẹ má sọ pé mẹ́jọ.